Olùkọ́ Tí Iṣẹ́ Rẹ̀ Kò Mọ ní Yàrá Ìkàwé

Ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ náà "Tíṣà" tóbi ju iṣẹ́ tí a ń san owó oṣù lé lórí lọ. Tíṣà ni í kọ́ ọmọ ní ìwé ní òwúrọ̀. Òun náà ni í fọn fèrè lórí pápá ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ bá sì ṣú, òun ni àwọn ará àdúgbò í gbé lẹ́tà wọn tọ̀ wá, kí ó bá wọn kà á, kí ó sì bá wọn kọ èsì rẹ̀. A kì í san kọ́bọ̀ fún un lórí méjì ìkẹ́yìn yìí. Àwa fẹ́ wádìí ibi tí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan Arépo, Mowé àti Ìbàfò ní ọjọ́ òní ju bí ènìyàn ti lè rò lọ. Èrò wa ni pé olùkọ́ yìí kò mú ohun àjèjì wọ ìlú. Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ àti àáró ń ṣe ní ayé àtijọ́ ni ó gbà sí ọwọ́ ara rẹ̀.

Kí ìwé tó dé, àwọn baba wa kò fi ọmọ títọ́ sí ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Bàbá kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ oko tàbí iṣẹ́ ọnà. Ìyá kọ́ ọ ní ìkíni àti ìwà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí òbí kò lè kọ́ ọmọ tán nínú ilé, èyí ni bí a ti í bá ẹgbẹ́ gbé. Ọmọ kọ́ èyí nínú ìjàkadì, níbi tí ẹni tí a dá lulẹ̀ kò gbọdọ̀ bínú. Ó kọ́ ọ nínú àáró, níbi tí ọ̀rẹ́ ti ń ro oko ọ̀rẹ́ lónìí, kí a lè ro tirẹ̀ lọ́la. Ó kọ́ ọ nínú ọ̀wẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń péjọ láti bá ẹnì kan mọ ilé. Ní Ìjẹ̀bú, àwọn tí a bí ní sáà kan náà a máa wà nínú régbérégbé kan náà títí di ọjọ́ ogbó. Àwọn tí wọ́n jọ ṣeré ni wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ ìlú.

Ní ọjọ́ 6 oṣù June ọdún 1859, Ẹni-ọ̀wọ̀ T. B. Macaulay ṣí ilé-ẹ̀kọ́ Girama ti C.M.S. ní Èkó pẹ̀lú ọmọkùnrin 6. Girama Abẹ́òkúta tẹ̀lé e ní ọdún 1908, ti Ìjẹ̀bú-Òde sì dé ní ọdún 1913. Ìmọ́lẹ̀ ńlá ni èyí jẹ́ fún ilẹ̀ wa. Síbẹ̀, ọmọ tí ó wọ irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ti fi oko àti àáró sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé yóò sọ ọ́ di akọ̀wé. Ta ni yóò wá kọ́ ọ bí a ti í gbà pé ẹlòmíràn borí ẹni, àti bí a ti í ṣe iṣẹ́ tí a kò ní gba owó rẹ̀?

Ẹni-ọ̀wọ̀ Israel Oludotun Ransome-Kuti wà lára àwọn tí ó dáhùn ìbéèrè náà. A bí i ní ọdún 1891. Ó wà lára àwọn ọmọ tí ó kọ́kọ́ wọ Girama Abẹ́òkúta. Ó sì kàwé ní Fourah Bay, ní Freetown. Ní ọdún 1918 ó di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Girama Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì lo ọdún 14 níbẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú-Òde ni ó ti kó àwọn ọmọdékùnrin jọ sínú ẹgbẹ́ Síkáótù. Ọ̀gágun Baden-Powell ni ó bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1907. Àwọn ọmọ a máa pàgọ́ sínú igbó, wọn a máa dá iná, wọn a máa fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn, a sì ń béèrè lọ́wọ́ wọn pé kí wọ́n ṣe oore fún ẹlòmíràn lójoojúmọ́. Ẹni tí ó mọ régbérégbé kò ní ṣàì rí i pé ojúlùmọ̀ ni Síkáótù, bí ó tilẹ̀ wọ aṣọ àlejò.

Ransome-Kuti kò fi iṣẹ́ rẹ̀ mọ sí orí àwọn ọmọ. Ní ọdún 1926 ó kó àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Ìjẹ̀bú jọ sínú ẹgbẹ́ kan. Nígbà tí a sì dá ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ gbogbo Nàìjíríà, èyí tí a ń pè ní N.U.T., sílẹ̀ ní ọdún 1931, òun ni ààrẹ àkọ́kọ́. Ó wà ní ipò náà títí di ọdún 1954. Ní ọdún 1932 ó padà sí Girama Abẹ́òkúta gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá, ó sì ṣe ọdún 22 níbẹ̀. Dáódù ni àwọn ènìyàn ń pè é. Ó kú ní ọdún 1955.

Aya rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, tí a ń pè ní Béèrè, jẹ́ olùkọ́ pẹ̀lú. Òun ni ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tí ó wọ Girama Abẹ́òkúta, ní ọdún 1914. Ní ọdún 1944, obìnrin ọlọ́jà kan bẹ̀bẹ̀ pé kí a kọ́ òun ní ìwé kíkà. Béèrè gbà á, ó sì ṣí ọ̀nà fún àwọn obìnrin ọjà sínú ẹgbẹ́ tí ó ti jẹ́ ti àwọn obìnrin tí ó mọ̀wé nìkan. Bí wọ́n ti ń kọ́ A, B, D ni wọ́n ń sọ ìṣòro wọn fún un: bí a ti ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn, àti bí owó-orí ti ń ni wọ́n lára. Ní ọdún 1946 ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta; ní ọdún 1947 wọ́n jáde lọ sí iwájú ààfin; ní oṣù January ọdún 1949 Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ta ni ó lè mọ̀ ní ọdún 1944 pé ìwé kíkà tí a ń kọ́ ọlọ́jà ní ọ̀fẹ́ yóò dé ààfin?

Ní ti pápá ìṣeré gan-an, Èkó ni a ó lọ. Fadá Denis Slattery, ọmọ ìlú Fermoy ní ilẹ̀ Ireland, tí a bí ní ọdún 1916, dé Nàìjíríà ní ọdún 1941. Ó ṣe olùkọ́ ní St. Gregory's, ó sì ń bójú tó eré àwọn ọmọ. Ó tún jẹ́ olóòtú ìwé-ìròyìn Catholic Herald. Ní ọdún 1956 ó dá ilé-ẹ̀kọ́ St. Finbarr's sílẹ̀, èyí tí ó wà ní Àkọkà. Ohun mẹ́ta ni a fi mọ ilé-ẹ̀kọ́ náà: ìwé, bọ́ọ̀lù, àti ìwà. Fadá fúnra rẹ̀ a máa kọ́ àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù, a sì máa ṣe rẹfirí láàrin ìlú. Kò jẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà jẹ èkejì run: ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù dáradára kò ní àṣẹ láti ya ọ̀lẹ nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́gbọ́n ìwé kò ní àṣẹ láti hùwà bí ó ti wù ú. Ó fi ipò ọ̀gá sílẹ̀ ní ọdún 1975, ìjọba sì gba ilé-ẹ̀kọ́ náà lẹ́yìn èyí. Ọdún 2001 ni a tó dá a padà. Síbẹ̀ igi tí ó gbìn kò ṣíwọ́ èso: Stephen Keshi, tí ó ṣe balógun àwọn agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà nígbà tí wọ́n gba ife Áfríkà ní ọdún 1994, tí ó sì tún kó wọn gbà á ní ọdún 2013 gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ wọn, ọmọ St. Finbarr's ni.

Bí a bá gbé àwọn mẹ́ta wọ̀nyí wò, a ó rí i pé ọ̀nà wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ wọn jẹ́ ọ̀kan. Èkínní, wọn kò dúró kí a tó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó kó ènìyàn jọ. Èkejì, iṣẹ́ ìta wọn kò sọ iṣẹ́ ìwé wọn di yẹpẹrẹ. Ẹ̀kẹta, olúkúlùkù wọn fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀, kì í ṣe òkìkí nìkan. Nítorí náà ni iṣẹ́ wọn kò fi bá wọn lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo Arépo. Ó wà ní abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, ní ẹ̀bá ọ̀nà ńlá tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń gbé ibẹ̀ ti Èkó wá, olúkúlùkù láti inú ìlú baba tirẹ̀. Wọ́n ń jí lọ sí iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, alẹ́ ni wọ́n sì ń padà. Kò sí àáró láàrin wọn, kò sí régbérégbé. Ọmọ aládùúgbò lè má mọ orúkọ ọmọ aládùúgbò. Ní oṣù September ọdún 2012, orúkọ Arépo kàn káàkiri nítorí pé àwọn tí ń jí epo pa òṣìṣẹ́ NNPC 3 tí wọ́n lọ tún páìpù ṣe níbẹ̀. A kò sọ pé bọ́ọ̀lù ni yóò wo irú àrùn bẹ́ẹ̀ sàn. Ohun tí a ń sọ ni pé ọmọ tí kò sí nínú ẹgbẹ́ rere kò ní ṣàìrí ẹgbẹ́ mìíràn tí yóò gbà á.

Nítorí náà, níbi tí olùkọ́ kan bá ti ń dúró lórí pápá lẹ́yìn aago ilé-ẹ̀kọ́, tí ó ń kó àwọn ọmọ lọ gbá ojú ọ̀nà tàbí tí ó ń kọ́ àgbàlagbà ní ìwé, kí ìlú má ṣe máa wò ó bí ẹni tí kò ní iṣẹ́ ṣe. Kí àwọn òbí yọ̀ǹda ọmọ wọn fún un. Kí àwọn tí ń pín ilẹ̀ fi ti pápá ìṣeré sílẹ̀ kí wọ́n tó ta gbogbo rẹ̀ tán. Kí àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì bá a gbé e, nítorí ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Àwọn baba wa wí pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ilé tí a ti kọ́ ní Arépo pọ̀. Ó kù kí a kọ́ àwọn ọmọ tí yóò gbé inú wọn.