Máàkì ọmọ kò ga púpọ̀: báwo lẹ ṣe lè wá àyè fún un ní internat?

Àdúgbò Jonquet ní Cotonou kì í sùn. Lọ́sàn-án, ọkọ̀ ń já èrò, ó ń kó èrò. Bí ilẹ̀ bá ṣú, orin ilé ọtí á gba títì kan. Àwọn ará wa tó ti Kétou, Pobè, Sakété tàbí Savè wá máa ń bá ẹbí wọn gbé níbẹ̀. Ìyá á ti jí lọ sọ́jà Dantokpa ní ìdájí, ilẹ̀ á ti ṣú kó tó dé. Ta ló máa jókòó ti ọmọ ọdún 11 kó lè kàwé?

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ òbí fi ń wá internat, ìyẹn ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ ti ń kàwé, tó ti ń jẹun, tó sì ti ń sùn. Àwọn tó wà lábúlé náà ń wá a, nítorí pé CEG jìnnà sí wọn. Àmọ́ ìbéèrè tó máa ń wáyé lẹ́yìn ìdánwò ni pé: "Ọmọ mi ní 11 lórí 20. Ó yege, ṣé wọ́n á gbà á ṣá?" Ìdáhùn ìbéèrè yẹn la fẹ́ ṣe níhìn-ín.

EXAMEN YÀTỌ̀ SÍ CONCOURS

Examen ni CEP. Ọmọ tó bá ti ní moyenne 10 lórí 20 ti yege, ì báà jẹ́ ẹgbẹ̀rún ọmọ ló ní i. Ti concours kò rí bẹ́ẹ̀. Àyè tó wà nílẹ̀ ni wọ́n ń kà, wọ́n á sì to àwọn ọmọ láti orí ẹni kìíní sísàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní àyè 50 ló wà, ọmọ 1000 ló sì jókòó ṣe é. Ẹni 50 àkọ́kọ́ ni wọ́n máa mú. Bí ẹni ìkẹ 50 bá ní 15, ọmọ tó ní 14 kò wọlé nìyẹn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọmọ náà mọ̀wé. Bí ìdánwò bá le lọ́dún tó ń bọ̀, 13 lè wọlé. Nítorí náà, ẹ má pe ọmọ ní olódo torí pé kò rí orúkọ rẹ̀ lára pátákó. Ohun tí èsì yẹn sọ ni pé àyè kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Láyé ìjọba Faransé, ilé-ẹ̀kọ́ William Ponty ní Senegal ni àwọn ọmọ ń dù láti wọ̀. Erékùṣù Gorée ló wà kí wọ́n tó gbé e lọ sí Sébikotane ní 1938. Ọmọ Dahomey á kọ́kọ́ gba ilé-ẹ̀kọ́ Victor Ballot ní Porto-Novo kọjá, èyí tó di lycée Béhanzin lónìí. Hubert Maga àti Justin Ahomadégbé gba Ponty kọjá, àwọn méjèèjì sì di olórí ìjọba. Ṣùgbọ́n Sourou Migan Apithy kò gba ibẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́ọ̀nù ni wọ́n fi í sí, ó lọ kàwé sí i ní ilẹ̀ Faransé, òun náà sì di ààrẹ ní 1964. Ilé-ẹ̀kọ́ ńlá dára, àmọ́ òun nìkan kọ́ ni ọ̀nà.

ÀWỌN ILẸ̀KÙN TÍ Ẹ LÈ KÀN

1. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ológun. Prytanée militaire tó wà ní Bembèrèkè, ní Borgou, jẹ́ ti ọkùnrin. Lycée militaire de jeunes filles tó wà ní Natitingou, ní Atacora, jẹ́ ti obìnrin. Abẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ààbò orílẹ̀-èdè ni àwọn méjèèjì wà. Concours ni wọ́n fi ń wọ sixième níbẹ̀, wọ́n sì ń yẹ ara ọmọ wò pẹ̀lú. Ọmọ tó ń jáde níbẹ̀ ń ṣe dáadáa ní BEPC àti BAC, ìdí nìyẹn tí èrò fi ń pọ̀. Bí máàkì ọmọ bá wà láàárín, ẹ jẹ́ kó gbìyànjú, ṣùgbọ́n ẹ má gbé gbogbo ìrètí kà á. Ẹ rántí pẹ̀lú pé méjèèjì ju 500 kìlómítà lọ sí Cotonou.

2. Petit séminaire ti ìjọ Kátólíìkì, bíi Sainte Jeanne d'Arc ní Ouidah. Ọmọkùnrin tó ń ronú iṣẹ́ àlùfáà ni ibẹ̀ wà fún. Wọ́n ń ṣe ìdánwò, àmọ́ wọ́n tún ń wo ìwà ọmọ, wọ́n sì ń gbọ́ ti fádà ìjọ rẹ̀. Ẹ má tan àlùfáà: bí ọmọ kò bá ní ọkàn sí i, ẹ má fi síbẹ̀ torí oúnjẹ àti ibùsùn.

3. Collège aládàáni tàbí ti ìjọ tó ní internat. Owó ibẹ̀ ga ju ti CEG lọ, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni wọ́n ti sábà máa ń gbọ́ àlàyé òbí. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ lè wo ìwé ọmọ, kó fún un ní ìdánwò tirẹ̀, kó sì pinnu.

4. Lycée agricole, bíi Mèdji tó wà ní Sékou, nítòsí Allada. Lẹ́yìn BEPC nìyẹn. Ọmọ tí kò wọ internat ní sixième lónìí ṣì ní ọdún mẹ́rin láti múra de irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀.

BÍ MÁÀKÌ BÁ WÀ LÁÀÁRÍN, OHUN TÓ YẸ KÍ Ẹ ṢE

Ẹ má dúró de èsì kí ẹ tó wá ilé-ẹ̀kọ́. Nǹkan bí oṣù kẹfà ni CEP máa ń wáyé. Kó tó di ìgbà yẹn, ẹ ti mú ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta: ọ̀kan tó le, ọ̀kan tó bá agbára ọmọ mu, àti ọ̀kan tó dájú. Ẹni tó mú ẹyọ kan ṣoṣo ló máa ń sáré kiri nígbà tí ilẹ̀kùn bá ti tì.

Ẹ kó bulletin CM1 àti CM2 dání. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 9, tó sì parí pẹ̀lú 12, ní ẹjọ́ tó lè rò. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an: bóyá ó ṣàìsàn, bóyá ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní abúlé wá sí Cotonou. Ẹ sọ ọ́ ní ṣókí, kí olùkọ́ rẹ̀ sì bá yín kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ béèrè bóyá liste d'attente wà. Àwọn kan wọlé tán, òbí wọn kò rówó san, tàbí kí wọ́n gba ibòmíràn lọ. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ni wọ́n á pè. Ẹ fi nọ́ńbà fóònù tó ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀, torí pé bí wọ́n bá pè tí ẹ kò gbé e, ẹlòmíràn ni wọ́n á pè.

Ẹ má sáré dá ọmọ padà sí CM2 kí máàkì lè ga. Concours àwọn ológun ní òpin ọjọ́ orí, communiqué ọdún náà ló sì ń sọ ọ́. Ẹ lè ti ara ọdún kan gba máàkì méjì sí i, kí ọjọ́ orí sì ti ti ọmọ síta. Ẹ ka communiqué kí ẹ tó pinnu.

DOSSIER: IBI TÍ Ọ̀PỌ̀ TI Ń KỌSẸ̀

Ìwé lè lé ọmọ padà kí máàkì tó dé ọ̀rọ̀. Ẹ gba acte de naissance tuntun lọ́dọ̀ ANIP ní àsìkò. Kí ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé CEP, kí ẹ wo orúkọ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ní tiwa, orúkọ kan náà lè di mẹ́ta: olùkọ́ kọ Adéchina, méríì kọ Adéshina, bàbá ń kọ Adéṣínà. Bí ọjọ́ ìbí bá yàtọ̀, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àtúnṣe máa ń pẹ́, nítorí náà CM1 ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó má di ọ̀sẹ̀ tí dossier máa parí.

Ẹ béèrè iye owó gbogbo kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun: owó ilé-ẹ̀kọ́, oúnjẹ, ẹrù tí ọmọ máa kó lọ, àti owó ọkọ̀ ní gbogbo ìsinmi.

Ẹ ṢỌ́RA FÚN ẸNI TÓ Ń TA ÀYÈ

Bó bá di ìgbà èsì, ẹnìkan á sọ pé òun mọ ọ̀gá, kí ẹ fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù, òun á ti orúkọ ọmọ wọlé. Ẹ má dá a lóhùn. Èsì concours kì í ti ọwọ́ ẹni tí ẹ pàdé ní ibùdókọ̀ wá. Bí owó bá ti lọ, ó ti lọ, ọmọ kò sì ní wọlé. Ibi tí ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ bá ní kí ẹ san owó sí ni kí ẹ san án sí, kí ẹ sì gba rìsíìtì.

BÍ KÒ BÁ WỌLÉ RÁRÁ

CEG wà. Ẹ wá ẹbí tí ilé rẹ̀ dákẹ́ ju Jonquet lọ, tí ọmọ lè bá gbé. Bí kò bá sí, ẹ ya wákàtí méjì sọ́tọ̀ lójúmọ́ tí ọmọ máa fi kàwé, kí ẹnikẹ́ni má rán an níṣẹ́ nígbà náà. Faransé àti ìṣirò ni kí ẹ tẹnu mọ́. Ọmọ tó bá ní bulletin tó dára ní CEG lè tún kan ilẹ̀kùn internat lẹ́yìn BEPC.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ jókòó ti ọmọ yín ní alẹ́ òní, kí ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́, kí ẹ sì jọ kọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta sílẹ̀.