Bíbélì Àjàyí, Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì àti Àwa Ará Cow Lane

Nínú agboolé tí wọ́n bí mi sí ní Cow Lane, láàárín ìlú Accra, kò sí ẹnì kan tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè abínibí rẹ̀. Yorùbá là ń sọ nínú yàrá. Bí a bá ti jáde sí ojúde, Hausa la fi ń kí àwọn onímàlúù àti alápatà, Gã la fi ń bá onílé ṣàwàdà, Twi sì ni àwọn ìyá wa fi ń ná ọjà. Gẹ̀ẹ́sì wà ní iléèwé, ní kóòtù, ní ọ́fíìsì ìjọba, àti lórí àga ìwàásù nígbà tí àlejò pàtàkì bá wá. Nítorí náà, bí mo bá fẹ́ sọ ìtàn àwọn ọ̀mọ̀wé tó tú Bíbélì sí Gẹ̀ẹ́sì òde òní, n kò lè bẹ̀rẹ̀ láti London tàbí New York bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nínú ìwé. Lójú tèmi, ọ̀dọ̀ irú àwa wọ̀nyí ni wọ́n ti kọ́ ìdajì iṣẹ́ náà, a kì í sì í gbọ́ kí wọ́n dárúkọ àwọn olùkọ́ wọn.

Ọjà Makola kò jìnnà sí Cow Lane, Okaishie wà nítòsí, èèyàn sì lè fẹsẹ̀ rìn dé Tudu. Àwọn Yorùbá ti dó sí agbègbè náà láyé ìjọba òyìnbó: ará Ìlọrin, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ọ̀ffà, ará Ṣakí, oníṣòwò ni púpọ̀ nínú wọn. Àláta ni àwọn Akan ń pè wá, òun ló fà á tí wọ́n fi ń pe ọṣẹ dúdú ní ọṣẹ Àláta ní Gánà títí dòní. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú wa. Olóyè Braimah, tí í ṣe olórí àwọn Mùsùlùmí Accra ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ọmọ Yorùbá ni. Àwa onítẹ̀bọmi kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ṣùgbọ́n a ní ohun tí a fi ń yangàn: àwọn oníṣòwò wa, pàápàá àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, ló gbé ìjọ náà dé ọ̀pọ̀ ìlú Gold Coast kí míṣọ́nnárì Amẹ́ríkà tó wá bá wọn níbẹ̀. Ẹrù ọjà lórí, Bíbélì Yorùbá nínú ẹrù.

Ìdájí ni ìyá mi máa ń ṣí tirẹ̀. Ìwé dúdú ni, ó wúwo, àjákù àǹkárà ló fi bo ẹ̀yìn rẹ̀, ìwé tó kọ gbèsè àwọn oníbàárà sí ló sì fi ń ṣe àmì sínú rẹ̀, débi pé bí a bá ń wá Sáàmù a lè kọ́kọ́ rí orúkọ ẹni tó jẹ wá lówó aṣọ. Kò lọ iléèwé rí. Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ló ti kọ́ ABD. Á fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan títí ẹsẹ á fi pé, lẹ́yìn náà á ní kí n ka ti Gẹ̀ẹ́sì, kí owó iléèwé má baà ṣòfò. Bíbélì Ọba James ni mo ní, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ní 1611. Mo máa ń kà á geere. Bí mo bá parí, á bi mí pé, "Kí ni Pọ́ọ̀lù ń wí gan-an?" Ẹnu mi á wọhò. Òun tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò kọjá "gúdù mọ́nì" ni á wá máa ṣàlàyé fún èmi tí mò ń gba ipò kejì ní kíláàsì.

Àjàyí Crowther, tó tú Bíbélì sí Yorùbá, ló jẹ́ kó yé e bẹ́ẹ̀. Ọmọ Òṣogùn ni Àjàyí, wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì gbé e dé Freetown. Ní Freetown yìí, àwọn Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà àti Ìjẹ̀bú tí wọ́n bọ́ lóko ẹrú ń gbé pọ̀ nínú àdúgbò kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ Yorùbá tí gbogbo wọn á gbọ́, ó di dandan kó la etí rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843. Nígbà tó padà sí ilé Yorùbá, ó ń jókòó ti àwọn àgbà, ó ń bi wọ́n nípa àṣà àti ìtàn, ó ń ṣa òwe jọ. Lẹ́tà sí àwọn ará Róòmù ló kọ́kọ́ jáde nínú ìtumọ̀ rẹ̀, ní 1850, èyí tí mo máa ń rò pé ìgboyà ni, nítorí mélòó nínú àwa tó ń kà á lónìí ló lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé òun yé e tán? Ní 1862, iná jó ilé rẹ̀ ní Èkó, àkójọ ọ̀rọ̀ àti òwe tó ti fi ọdún mọ́kànlá ṣà sì lọ nínú rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni Thomas King kú, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ ìtumọ̀ náà. Àjàyí tún bẹ̀rẹ̀. Odindi Bíbélì Yorùbá pé ní 1884, ọdún méje kí ó tó kú.

Onílé wa kì í jẹ́ kí a gbádùn ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ Gã ni, Presbyterian pọ́ńbélé, ó sì gbọ́ Yorùbá débi tó lè fi bú wa. Bí a bá ti ń yin Àjàyí, á ní ẹni tó bá tètè dé odò ní í pọn omi tó tòrò. Òótọ́ sì ni, wọ́n ṣáájú wa. Láti 1764 ni Christian Protten, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Gã tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Denmark, ti tẹ ìwé gírámà èdè Fante àti Gã jáde ní Copenhagen. A. W. Hanson, ọmọ Accra, tú ìhìnrere Mátíù àti Jòhánù sí Gã, ó jáde ní 1843. Lẹ́yìn náà ni Johannes Zimmermann dé láti Jámánì ní 1850, lábẹ́ Míṣọ̀n Basel. Ó gbé Catherine Mulgrave níyàwó, obìnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n jí kó ní Áfíríkà lọ́mọdé, tó dàgbà ní Jàmáíkà, tó sì ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin níwèé ní etíkun yìí. Odindi Bíbélì Gã pé ní 1866, ọdún méjìdínlógún ṣáájú tiwa. Carl Christian Reindorf, tó kọ ìtàn Gold Coast àti Asante tó jáde ní 1895, wà lára àwọn tó tún Bíbélì Gã yẹ̀ wò. Ti Twi jáde ní 1871, lọ́wọ́ míṣọ́nnárì Christaller pẹ̀lú àwọn ọmọ Akan bíi David Asante. Christaller yìí kó òwe Twi jọ ju 3,000 lọ, ó tẹ̀ wọ́n jáde ní 1879. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀nà kan náà ni òun àti Àjàyí gbà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pe àpérò. Àwọn méjèèjì rí i pé ẹni tí kò mọ bí àwọn àgbà ṣe ń pa òwe kò ní í mọ bí wòlíì ṣe yẹ kó sọ̀rọ̀ ní èdè wọn.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nígbà tí èmi ń ka ti Ọba James fún ìyá mi. Àláta tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀, ìyá oníkẹ́ńkẹ́ tó jẹ́ Gã, àgbẹ̀ kòkó tó jẹ́ Akan, gbogbo wọn ló ní Bíbélì tó ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Èdè tí ọmọ iléèwé fi ń ka Bíbélì nìkan ló jẹ́ ti ayé àwọn baba ńlá. Kì í ṣe àwa nìkan ni ó ń dà láàmú o. Ní London, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, J. B. Phillips, àlùfáà Áńgílíkà, rí i pé àwọn ọ̀dọ́ tó wà lábẹ́ òun kò mọ ohun tí Pọ́ọ̀lù ń sọ, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n! Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn lẹ́tà náà sí èdè ojoojúmọ́, wọ́n jáde ní 1947. Ìjọ Skọ́tílándì pẹ̀lú dábàá ìtumọ̀ tuntun ní 1946, ìyẹn ló bí New English Bible, tí Májẹ̀mú Titun rẹ̀ jáde ní 1961. Iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé gidi ni, C. H. Dodd ló darí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì àwọn tó jáde ní Oxford ni mo rí nínú rẹ̀, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ Cow Lane lè kà kó sì dáhùn ìbéèrè ìyá rẹ̀.

Láìbéríà ni ìrànlọ́wọ́ ti yọjú. Annie Cressman, ọmọ Kánádà, ń kọ́ àwọn ènìyàn ní Bíbélì níbẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó rí i pé àkókò tí òun fi ń ṣàlàyé Gẹ̀ẹ́sì inú Bíbélì pọ̀ ju èyí tí òun fi ń kọ́ wọn ní ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ. Mo mọ ìṣòro yẹn bí ẹni mọ owó. Kò dúró de ìgbìmọ̀ kankan. Ó jókòó, ó tú u fúnra rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn, Májẹ̀mú Titun rẹ̀ sì jáde ní 1969. Ṣùgbọ́n kí ó tó di ìgbà yẹn, irú ìbéèrè kan náà ti ń dé ọ́fíìsì Ẹgbẹ́ Bíbélì Amẹ́ríkà láti Áfíríkà àti láti Éṣíà: ẹ fún wa ní Gẹ̀ẹ́sì tí ẹni tí kò fi mu ọmú lè gbọ́.

Eugene Nida ló wà nídìí iṣẹ́ ìtumọ̀ níbẹ̀. Láti 1943 ló ti ń bá ẹgbẹ́ náà ṣiṣẹ́, ó sì ti káàkiri ayé láàárín àwọn tó ń tú Bíbélì sí èdè tí kò tíì ní ìwé rárá. Ohun tó kó bọ̀ láti ìrìn àjò wọ̀nyí ni pé kì í ṣe bí ọ̀rọ̀ ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn nínú Gíríìkì ni kí atúmọ̀ máa ṣọ́, bí kò ṣe bóyá ẹni tó gbọ́ ọ lónìí gba ohun tí àwọn àkọ́kọ́ gbà. Wọ́n fi ìmọ̀ yìí sọ ọ́ di ọ̀mọ̀wé ńlá, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n Àjàyí ti ń ṣe é ní Abẹ́òkúta nígbà tí wọn kò tíì bí bàbá Nida.

Ẹni tí wọ́n gbé ti Gẹ̀ẹ́sì fún ni Robert Bratcher, onítẹ̀bọmi bíi tiwa, ọmọ míṣọ́nnárì tí wọ́n bí ní Brazil ní 1920, tóun náà sì kọ́ni níbẹ̀. Ẹ rántí pé ẹni tó dàgbà láàárín Potogí mọ bó ṣe ń rí kí èdè ilé yàtọ̀ sí èdè ìta. Láti inú Gíríìkì ló ti tú Májẹ̀mú Titun, ó ń fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn mìíràn kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Good News for Modern Man jáde ní September 1966. Annie Vallotton, obìnrin kan láti Yúróòpù, fi ìlà díẹ̀díẹ̀ ya àwòrán sínú rẹ̀, àwọn ènìyàn tí kò ní ojú tí kò ní imú, síbẹ̀ téèyàn á mọ ẹni tó ń bínú àti ẹni tó rẹ̀. Májẹ̀mú Láéláé pé ní 1976, nígbà náà ìgbìmọ̀ ló ṣe é, Bratcher ni alága, Keith Crim tó ti ṣe míṣọ́nnárì ní Kòríà sì wà nínú wọn. Àní sẹ́, àwọn tó ti fi èdè elédè jẹun ni wọ́n kó jọ láti tún Gẹ̀ẹ́sì ṣe.

Ẹ̀yìn ìwé náà ló dá ìjà sílẹ̀ ní ìjọ wa. Orúkọ àwọn ìwé ìròyìn ni wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ sí i lára. Díákónì wa àgbà gbé e sókè lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó bèèrè bóyá Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni tàbí ìwé tí wọ́n fi ń di àkàrà. Àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín, ó sì tún bínú sí i. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí, àbọ̀ rẹ̀ ni pé Ọba James ni yóò máa wà lórí àga ìwàásù, ti Bratcher á wà ní kíláàsì àwa ọ̀dọ́. Díákónì kò mọ̀ pé ní Amẹ́ríkà gan-an, nígbà tí ìtumọ̀ mìíràn jáde ní 1952, pásítọ̀ kan ní North Carolina fi iná sun ojú ìwé kan nínú rẹ̀ níwájú ìjọ. Tiwa tutù.

Èmi gbé tèmi dé ilé. Ní ìdájí, lẹ́yìn tí ìyá mi ka ti Yorùbá tán, mo ka orí kan náà nínú ìwé tuntun, nígbà tó bi mí ní ìbéèrè rẹ̀, mo dáhùn láìkọsẹ̀. Ó wò mí, ó wo ìwé náà. "Ẹ̀n-ẹ́n," ó ní, "àwọn òyìnbó náà ti wá gbọ́ ọ."

Ní ọjọ́ 18 November 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ìjọ tí ó jẹ́ pé Yorùbá ló kún inú wọn ṣófo, àwọn pásítọ̀ lọ pẹ̀lú àwọn ọmọ ìjọ, àwọn ọmọ Gánà tó kù sì ní láti gbé iṣẹ́ náà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwa gbà lọ, mo sì di olùkọ́ níbẹ̀. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé ẹ̀dùn tí mo ní sí Ọba James ni àwọn ọmọ kíláàsì mi ní sí Bíbélì Àjàyí. Yorùbá ìyá mi ti le jù fún wọn, wọ́n ń kà á bí èmi ṣe ń ka "thee" àti "thou". Báyìí Bíbélì ní Yorùbá òde òní wà, Biblica ló gbé e jáde, àwọn ọmọ ọmọ mi sì ń lò ó. Èmi náà ń ka lẹ́tà Pọ́ọ̀lù nínú rẹ̀, ó sì yé mi ju ti àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá di Sáàmù, ti Àjàyí ni mò ń ṣí, kí ẹnikẹ́ni má bá mi jiyàn.