Ṣé kòkòrò inú igbó ṣeé jẹ? Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó ra kànní l'Ọ́jà-Ọba

Gbogbo ìgbà tí mo bá ti fi fọ́tò kànní sórí ayélujára ni àwọn ọ̀dọ́ ìgboro máa ń bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò ní pa èèyàn?" Ìdáhùn mi ò gùn: kànní tí wọ́n bọ̀, tí wọ́n sì sá gbẹ dáadáa, oúnjẹ gidi ni. Àmọ́ ẹ má tìtorí ìyẹn rò pé gbogbo kòkòrò tí èèyàn bá ti rí nínú igbó ló ṣeé jẹ. Èwo ni? Kí ló jẹ? Níbo ni wọ́n ti kó o? Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Ìbéèrè mẹ́rin yìí ló ṣe pàtàkì.

Kí ni kànní?

Ọmọ labalábá òru ńlá kan ni, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Cirina forda. Ewé igi emi ló ń jẹ, igi tí a ń rí òrí lára èso rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi ṣọ̀wọ́n ní Kwara. Àsìkò òjò ni wọ́n ń kó o. Wọ́n á tẹ ìdọ̀tí inú rẹ̀ jáde, wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á wá sá a sóòrùn. L'Ọ́jà-Ọba, nítòsí ààfin Ẹ́míà Ìlọrin, èyí tó ti gbẹ ni ẹ máa bá. Àwọn kan ń fi í sínú ọbẹ̀, àwọn mìíràn ń jẹ ẹ́ bí ìpápánu. Lọ́dún 1993, J. O. Fasoranti àti D. O. Ajiboye kọ nípa àwọn kòkòrò jíjẹ ní ìpínlẹ̀ Kwara, kànní sì wà lára wọn. Ìyẹn ni pé ohun tí àwọn òbí wa ti ń jẹ tipẹ́, àwọn onímọ̀ náà ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Èyí tó ń mú ara gbọ̀n

Kòkòrò mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní ekuku, Anaphe venata. Mọ̀lẹ́bí àwọn kòkòrò tí a ń rí òwú sányán lára wọn ni. Láàárín òjò, àwọn èèyàn kan nílẹ̀ Yorùbá máa ń sun ún jẹ, pàápàá níbi tí owó ẹran bá ti wọ́n.

Láti ọdún 1958 ni àwọn dókítà ti kọ̀wé nípa àìsàn kan tó máa ń bẹ́ sílẹ̀ lásìkò òjò ní agbègbè Iléṣà, èyí tí wọ́n wá ń pè ní "Ijesha shakes". Èèyàn á jẹun tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ara á máa gbọ̀n, kò sì ní lè rìn tààrà mọ́. Ó di 1993 kí Dókítà Bọ́lá Adamolekun tó kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn Lancet pé jíjẹ ekuku ló bá àìsàn náà tan. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní thiaminase wà nínú rẹ̀, tó ń ba fítámì B1 jẹ́ nínú ara. Iná kì í tètè pa èròjà yìí, nítorí náà sísun nìkan kò tó. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀bà lójoojúmọ́ láìsí oúnjẹ aṣaralóore tó pọ̀ ló wà nínú ewu jù, torí fítámì B1 ara rẹ̀ ti kéré tẹ́lẹ̀. Fítámì B1 kan náà ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀.

Ohun tí kòkòrò jẹ ń bá a dé inú yín

Ẹ wo tata aláràbarà tó máa ń run ewé ẹ̀gẹ́ lóko, Zonocerus variegatus. Ó fẹ́ràn òdòdó ewé Akíntọ́lá, ó sì máa ń kó oró inú rẹ̀ pa mọ́ sára. Irú oró yẹn máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Àwọn tó ń sin alángbá nínú ilé lókè òkun náà ti rí irú èyí. Lọ́dún 1999, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà kọ nípa alángbá onírùngbọ̀n ti Ọsirélíà tó kú lẹ́yìn tó gbé tanátaná mì, kòkòrò tó ń tan iná lálẹ́. Alángbá Amẹ́ríkà mọ̀ pé kò ṣeé jẹ; èyí tó jẹ́ àlejò ò mọ̀. Bí ẹ bá ń sin ẹran kékeré nílé, ẹ má kàn ṣa kòkòrò lábẹ́ iná ìta fún un.

Oògùn apakòkòrò àti òjé

Lẹ́yìn tí eṣú ya wọ Kuwait lọ́dún 1988 sí 1989, wọ́n yẹ àwọn eṣú tí àwọn èèyàn ń jẹ wò, wọ́n sì bá oògùn apakòkòrò lára wọn. Ní California, àwọn ọmọdé tí òjé wọ ara wọn wà lára àwọn tó jẹ tata gbígbẹ tí wọ́n kó wá láti Oaxaca, ní Mẹ́síkò. Nílé níbí, NAFDAC fòfin de títa ìgò kéékèèké oògùn dichlorvos lọ́dún 2019, torí àwọn èèyàn ń ṣì í lò. Kòkòrò gbígbẹ náà máa ń ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ́, nítorí náà ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á

• Ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tó mọ orúkọ ohun tó ń tà. Ẹ bi í pé, "Ìyá, níbo ni wọ́n ti kó o wá?"
• Bó bá rọ̀, tó hu funfun, tàbí tó ń rùn bí oògùn, ẹ fi sílẹ̀.
• Ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sì tún un sè dáadáa.
• Bí edé tàbí akàn bá máa ń mú ara yín yún tàbí wú, ẹ yẹra fún kòkòrò. Ohun tó ń fa ti edé wà lára tiwọn náà.
• Èyí tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín ṣa, tí ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má sì fún ọmọ.
• Bí ara ẹnì kan bá ń gbọ̀n lẹ́yìn tó jẹ kòkòrò, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tó jẹ fún dókítà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn lè jẹ́ kí wọ́n tètè mọ ìtọ́jú tó yẹ ẹ́.