Bí "Thou" Ṣe Kúrò Lẹ́nu Àwọn Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa ló gbà pé "thou" jẹ́ ọ̀rọ̀ àpọ́nlé tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yà sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run. Ìtàn kò tì wọ́n lẹ́yìn. Ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, arọ́pò-orúkọ ẹnìkejì ẹyọ lásán ni "thou", bí "ìwọ" tiwa. "Ye" ni ti ọ̀pọ̀, bí "ẹ̀yin". Lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, èdè Faransé gba ààfin kan. Àwọn Faransé a sì máa fi "vous", tí í ṣe ti ọ̀pọ̀, pọ́n ẹnì kan ṣoṣo lé. Láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàlá ni àṣà yìí ti wọ inú Gẹ̀ẹ́sì. "Ye" àti "you" di ti ọ̀gá, ti òbí àti ti àlejò. "Thou" di ti ọmọ, ti ìránṣẹ́, ti ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́, àti ti ẹni tí a bá ń bú. Ọmọ Yorùbá kò nílò àlàyé lórí èyí.

Ní 1603, nígbà tí wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ Sir Walter Raleigh lórí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀, agbẹjọ́rò ọba, Sir Edward Coke, mọ̀ọ́mọ̀ fi "thou" pè é láti tẹ́ ẹ ní gbangba. Lójú tèmi, irú ìtẹ́ni bẹ́ẹ̀ ló pa ọ̀rọ̀ náà. Nínú ìlú bíi Lọ́ńdọ́ọ̀nù, níbi tí àjèjì ti ń pàdé àjèjì lójoojúmọ́, ta ni yóò fi "thou" pe ẹni tí kò mọ ipò rẹ̀? "You" kò lè bí ẹnikẹ́ni nínú. Nígbà tí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún fi parí, ó ti di ti tolówó ti tálákà, àfi ní àwọn ẹ̀ka-èdè kan bíi ti Yorkshire.

Àwọn ọmọ ìjọ Quaker nìkan ló bá a jà. Wọ́n ní irọ́ àti ìpọ́nni ni kí a máa pe ẹnì kan bí ẹni pé ó pọ̀. George Fox àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tẹ ìwé ńlá kan jáde ní 1660 láti fi onírúurú èdè gbè é lẹ́sẹ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ẹyọ, ọ̀tọ̀ ni ọ̀pọ̀. Thomas Ellwood, ọ̀kan nínú wọn, kọ ọ́ sínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ pé bàbá òun lérí láti gbá òun léyín wọ ọ̀fun bí òun bá tún fi "thou" pe òun bàbá.

Ibi tí "thou" ti rí ààbò ni Bíbélì. William Tyndale lò ó ní 1526 fún ẹyọ, nítorí pé èdè Gíríkì ya ẹyọ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀pọ̀. Kò fi pọ́n ẹnikẹ́ni lé. Bíbélì 1611 tẹ̀lé e. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà kú ní ìgboro, tí a kò gbọ́ ọ mọ́ àfi nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ọ̀rọ̀ mímọ́. Àwọn olùtúmọ̀ Revised Standard Version fi í sílẹ̀ fún àdúrà nìkan ní 1952; ẹ̀dà tuntun rẹ̀ ti 1989 sì yọ ọ́ kúrò pátápátá.

Àlàfo tó fi sílẹ̀ kò tíì dí. Àwọn ará gúúsù Amẹ́ríkà ń sọ "y'all". Píjìn tiwa yá "una" lọ́wọ́ èdè Ìgbò.

Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí iṣẹ́ Bíbélì Yorùbá wọn parí ní 1884, lo "ìwọ" fún Ọlọ́run, fún ọba àti fún ẹrú. Kí olùkọ́ yẹ Jòhánù 3:7 wò. Nikodémù nìkan ni Jésù ń bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n láàrin gbólóhùn kan náà ó kúrò lórí "ọ", ó bọ́ sórí "yín". Bíbélì 1611 fi èyí hàn, tiwa náà sì fi í hàn. "You" ti bò ó mọ́lẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì òde òní, àfi bí olùtúmọ̀ bá ṣe àlàyé sí ìsàlẹ̀ ìwé. Bí Crowther bá ti fi "ẹ" pọ́n Nikodémù lé, àgbàlagbà olùkọ́ni, àwa náà ì bá ti pàdánù rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìjọ lónìí, ẹnì kan kúnlẹ̀, ó ní "Ẹ ṣé, Bàbá". Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní "O ṣé".