Ìdákẹ́jẹ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: Ìtàn Ìṣàrò ní Ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, ni àwọn baba wa wí, àwa ọmọ wọn sì gbà á gbọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í fi ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ láìsọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbọ́ pé ní Ṣábẹ̀ẹ́ Ọ̀pàrà ní ilẹ̀ Benin, ìlú tí ìkíni nìkan lè gba ìdajì òwúrọ̀ lọ́wọ́ àlejò, ilé wà, igbó sì wà, tí a ti ń kọ́ ọmọ ènìyàn bí a ti í jókòó láìfọhùn, yóò fẹ́ rò pé àròsọ ni. Kì í ṣe àròsọ. Àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí ń tẹjú mọ́ fóònù kí wọ́n lè mọ bí a ti í ṣàrò, wọ́n sì rò pé Íńdíà tàbí Jàpáànù nìkan ni irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ti lè wá. Wọn kò mọ̀ pé àwọn olùkọ́ rẹ̀ ti wà nílé kí a tó bí baba tí ó bí wọn lọ́mọ.

Ṣábẹ̀ẹ́ kì í ṣe ìlú àná. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921, ka Oníṣábẹ̀ẹ́ mọ́ àwọn ọmọ-ọmọ Odùduwà, ó sì wí pé nígbà tí wọ́n pín ogún baba wọn, tí Alákétu gba adé, tí Olówu gba aṣọ, ẹran ọ̀sìn ni ó kan ọba Ṣábẹ̀ẹ́. Ìdí àpáta ni wọ́n tẹ ìlú náà dó sí, àwọn òkè ràbàtà tí Faransé sọ ní Mamelles, ìyẹn ọmú, nítorí bí wọ́n ti rí, àwọn òkè wọ̀nyí ni ará ìlú sì ń sá lọ nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhómì ń kó àwọn ènìyàn lẹ́rú ní ilẹ̀ náà láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ẹni tí ó bá fara pamọ́ sí pàlàpálá àpáta, tí ọ̀tá sì ń rìn nísàlẹ̀, kò nílò olùkọ́ kankan kí ó tó dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ ìbẹ̀rù ni ìyẹn. Èyí tí a ń fi ọwọ́ ara ẹni wá, tí a sì ń kọ́, ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Ilé òrìṣà ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí níbẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà ti le jù. Nígbà tí òrìṣà bá mú ènìyàn, ìbáà ṣe Ṣàngó, ìbáà ṣe Nàná Bùkúù tí òkìkí rẹ̀ kàn láti Ìdáàṣà títí wọ ilẹ̀ Tógò, tí Ifá sì fọwọ́ sí i, wọn a mú un wọlé, wọn a fá orí rẹ̀, orúkọ tí ìyá rẹ̀ fi ń pè é a sì di àìgbọdọ̀pè. Iyàwó òrìṣà ni ó ń jẹ́ láti ọjọ́ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọkùnrin. Orí ẹní ni ó ń jókòó sí, ilẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń wò. Bí ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ bá gbé oúnjẹ wá, a jẹ. Bí wọ́n bá ní kí ó dìde, a dìde. Kì í bèèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́jà, kì í bèèrè ẹni tí ó bímọ tàbí ẹni tí ó kú. Ní ìbẹ̀rẹ̀, a kò retí ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀ ju pé kí ó wà níbẹ̀ lọ. Ìgbà tí ara rẹ̀ bá wá rọlẹ̀, tí ayé tí ó fi sílẹ̀ lóde kò ké sí i mọ́, ni orin yóò dé, lẹ́yìn orin ni ijó, lẹ́yìn ijó ni oríkì àti èèwọ̀ ẹni tí ó ń sìn, tí yóò fi di ọjọ́ tí wọn yóò mú un jáde fún gbogbo ìlú wò, tí àwọn ẹbí rẹ̀ yóò sì máa pè é ní orúkọ tí wọn kò mọ̀ ọ́n sí tẹ́lẹ̀. N kò ní pọ́n ọn ju bí ó ti yẹ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọdébìnrin tí ó wọ ilé wọ̀nyẹn láyé àtijọ́ kò bèèrè fún un. Ẹbí ni ó fi wọ́n jìn, àwọn oṣù tí wọ́n sì lò níbẹ̀ jẹ́ oṣù tí ìyá wọn kò rí olùrànlọ́wọ́ lóko.

Ìdákẹ́jẹ́ àwọn tí ń já ewé kò gùn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní agbára tirẹ̀. Ẹni tí ó ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀ dáadáa ni Pierre Verger, ayafọ́tò ọmọ ilẹ̀ Faransé tí a bí ní 1902, tí ó rìn káyé kí ó tó wá wólẹ̀ níwájú àwọn awo Kétu, tí wọ́n sì sọ ọ́ di Fátúnmbí ní 1953, nígbà tí irun rẹ̀ ti ń funfun. Òun náà di alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ orí tí ẹlòmíràn ń kó ọmọ-ọmọ jọ. Ó kọ ọ́ pé àwọn tí ń lọ já ewé òrìṣà a máa yẹra fún ìbálòpọ̀ ní òru ọjọ́ tí ó ṣáájú, wọn a jí lọ sínú igbó ní kùtùkùtù hàì, wọn kì í sì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lọ́nà. Bí wọ́n bá dé ibẹ̀, wọn a kọ́kọ́ fi owó sílẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ewé. Ẹ rò ó wò: kí ọmọ Yorùbá rin ọ̀nà oko, kí ó pàdé àgbà, kí ó má kí i! Àgbà tí kò bá mọ ohun tí ó gbé e jáde yóò sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ náà kò ní ẹ̀kọ́ ilé, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kọ́ gan-an ni ó wà lẹ́nu rẹ̀.

Ti ọmọ awo Ifá yàtọ̀ díẹ̀. Láti kékeré ni ó ti ń gbé àpò tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀, tí ó ń jókòó lẹ́bàá ọpọ́n láìdá sí ọ̀rọ̀, tí ó ń fetí gba ojú odù mẹ́rìndínlógún kí ó tó kan àwọn ọmọ odù, tí àtojú odù àtọmọ odù fi jẹ́ 256 pọ̀. Bí ilé bá sì pa rọ́rọ́ ní òru, a máa kà á sínú ara rẹ̀ títí oorun yóò fi gbé e lọ. Ọba pàápàá kì í bọ́ nínú rẹ̀: Johnson kan náà sọ pé oṣù mẹ́ta ni Aláàfin Ọ̀yọ́ tuntun fi ń wà ní ìpamọ́, tí ó ń kọ́ bí a ti í rìn, bí a ti í sọ̀rọ̀, àti bí a ti í jọba.

Ìsìláàmù kò dúró de ojú irin kí ó tó gba ilẹ̀ yìí kọjá, nítorí àwọn oníṣòwò Haúsá àti Dẹ́ndì ti ń rin ọ̀nà náà láti ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú irin láti Kútọnu dé Ṣábẹ̀ẹ́ kí ogun àgbáyé kìíní tó bẹ́ ní 1914, tí ó sì dúró síbẹ̀ fún bí ogún ọdún kí wọ́n tó nà án dé Parakou, ìlú náà di ibi tí gbogbo ayé ń sọ̀kalẹ̀ sí. Láàárín àwọn Mùsùlùmí Benin àti Nàìjíríà, ọ̀nà Súfì tí a ń pè ní Tijániyà gbilẹ̀ púpọ̀, ọ̀nà Ahmad al-Tijani (1737–1815) tí ibojì rẹ̀ wà ní Fez ní ilẹ̀ Mòrókò. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ ọ̀nà náà kì í dá a bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ múkádámù ni yóò ti gba àṣẹ, yóò sì jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé òun yóò máa ṣe wírídì láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ títí ikú: ìtọrọ àforíjì nígbà ọgọ́rùn-ún, àsàlátù fún Ànábì nígbà ọgọ́rùn-ún, àti Lá ìláhà illaláhù nígbà ọgọ́rùn-ún, kí tẹ̀sùbáà máa yí lọ́wọ́, kí ọkàn má sì tẹ̀lé ẹsẹ̀ àwọn tí ń kọjá lóde. Ibrahim Niasse ti Kaolack ní Sẹ̀nẹ̀gàlì (1900–1975) ni ó sọ ìtọ́ni alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nínú ọ̀nà yìí di ti mẹ̀kúnnù, tí àgbẹ̀ àti obìnrin ọlọ́jà fi lè rí i gbà. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ jìnlẹ̀ sí i a wọ kalúwà, ìyẹn ìdáwà fún àdúrà.

Ní ti àwọn Kátólíìkì, ihò àpáta Arígbó ní Ìdáàṣà, tí kò jìnnà sí Ṣábẹ̀ẹ́, di ibi mímọ́ fún Màríà Wúńdíá ní 1954, èrò sì ń wọ́ lọ síbẹ̀ ní oṣù Ògọ́sì lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ariwo ibẹ̀ pọ̀ ju ìdákẹ́jẹ́ lọ. Ẹni tí ń wá ìdákẹ́jẹ́ a wọkọ̀ lọ sí Parakou, níbi tí àwọn obìnrin Sísítáṣíánì ti kọ́ ilé àdúrà wọn ní 1960. Òfin Bẹ́nédíìkì tí wọ́n ń tẹ̀lé ti lé ní 1,400 ọdún, ó sì le sí ẹni tuntun: kí ó kan ìlẹ̀kùn fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún kí a tó ṣí i, kí a ka gbogbo òfin náà fún un lẹ́yìn oṣù méjì, kí a tún kà á lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kí a tún kà á lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, kí ó má baà sọ lọ́la pé òun kò mọ ohun tí òun kó sí.

Ohun kan ni mo rí nínú gbogbo wọn. Ẹ̀kọ́ Búdà a máa sọ fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pé kí ó máa ṣọ́ èémí rẹ̀, ẹ̀kọ́ rere sì ni. Àwọn tiwa ń fún un ní ohun tí yóò dì mú, orin, ewé, odù tàbí tẹ̀sùbáà, wọ́n ń dá ìgbà fún un, wọ́n sì ń fi ẹnìkan tì í tí yóò bi í léèrè. Fóònù lè sọ fún ènìyàn pé kí ó dijú, kò lè mọ̀ bóyá ó sùn lọ. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó dá nìkan wà kì í sábà mọ ìgbà tí ẹ̀sọ̀ di ìmẹ́lẹ́.

Ṣùgbọ́n nǹkan ti yí padà fún ilé òrìṣà. Ìjọba ológun Mathieu Kérékou tí ó gba àkóso Benin ní 1972, tí ó sì gba ẹ̀kọ́ Marx ní 1974, kò fi ojú rere wò ó. Ilé ìwé àti ọ̀wọ́n owó parí ìyókù, tí ó fi jẹ́ pé ohun tí ó ń gba ọ̀pọ̀ oṣù di ti ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Lónìí, ọjọ́ ìsinmi ti wà fún ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ní Benin nínú oṣù kìíní, ìlù ń dún, àwọn arìnrìn-àjò ń ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá tí ó jókòó lórí ẹní nínú ilé òrìṣà kí 1972 tó dé ti di arúgbó. Ẹ̀yin ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ tí ẹ mọ ìwé kọ, ẹ lọ bá wọn, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ èyí tí wọ́n lè sọ, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè Ṣábẹ̀ẹ́ nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè.