Eré ìje ọ̀nà jíjìn: láti Adjarra dé Èkó

Máratọ́ọ̀nù ni eré ìje tó gùn ní kìlómítà 42 àti mítà 195. Níbi Òlíńpíìkì London lọ́dún 1908 ni wọ́n ti kọ́kọ́ sá ìwọ̀n yìí. Lọ́dún 1921 ni àjọ eré ìdárayá àgbáyé wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ọ̀kan tó súnmọ́ àwa ará Adjarra ni ti Èkó. Ọjọ́ 6 oṣù kejì ọdún 2016 ló bẹ̀rẹ̀, Abraham Kiptum, ọmọ Kẹ́ńyà, ló sì gbégbá orókè. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì gba 42 lè sá ti kìlómítà 10.

Ìmúrasílẹ̀

Ẹni tí kò sáré rí nílò oṣù mẹ́fà, ó kéré tán. Tí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ikọ́ fée, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà. Ẹ fi ìrìn kíákíá bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá máa sáré lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, kí ọjọ́ kan nínú wọn jẹ́ ti eré gígùn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: bí ẹ bá sá kìlómítà 20 lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má kọjá 22 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ẹ dín in kù kí ara lè sinmi.

Ìdájí ló dáa jù, kí oòrùn tó mú. Ọ̀nà yẹ̀pẹ̀ rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn, àmọ́ ẹ máa sá lórí ọ̀dà náà, torí ọ̀dà lẹ máa bá l'Ékòó. Lọ́jọ́ ọjà, ẹ yà fún ọ̀nà ọjà. Zémìjàn pọ̀ jù níbẹ̀.

Ìrìn-àjò

Láti Adjarra, a ó gba Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) dé ẹnubodè Sèmè-Kraké, ká tó kọjá sí Àgbádárìgì. Àdéhùn CEDEAO ti ọdún 1979 fún wa láyè láti wọ Nàìjíríà fún 90 ọjọ́ láìgba físà, bí ìwé ìrìn-àjò àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára bá pé. Ẹ tún máa gbọ́ ìròyìn ẹnubodè kí ẹ tó sanwó: láti oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù kejìlá 2020 ni Nàìjíríà fi ti ẹnubodè orí ilẹ̀ rẹ̀ pa.

Ẹ má ṣe dé lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú eré. Àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ká tó débẹ̀, wọ́n ti parí nọ́ńbà pínpín. Akẹ́kọ̀ọ́ wa kan tó ti fi oṣù márùn-ún múra, ẹ̀gbẹ́ títì ló dúró sí, tó ń pàtẹ́wọ́ fún ẹlòmíì. Ẹ̀bi wa ni, kì í ṣe tiẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ọjọ́ méjì ṣáájú la máa ń lọ.

Ọjọ́ eré

Bàtà tí ẹsẹ̀ ti mọ̀ ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe tuntun. Ẹ jẹ ohun tí inú yín ti mọ̀: ẹ̀kọ, iṣu tàbí ìrẹsì. Ẹ máa mu omi díẹ̀díẹ̀. Àmujù omi náà léwu. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ dúró kíá, ẹ pe àwọn elétò ìlera. Ẹni tó bá wà láàyè ló máa sá tọdún tó ń bọ̀.