Processor Kọ̀ǹpútà Orí Tábìlì àti Ti Server: Èwo Ló Yẹ Kí Ilé-Ẹ̀kọ́ Wa Rà?

Láti ọdún 2015 ni JAMB ti gbé ìdánwò UTME kúrò lórí ìwé pátápátá. Ọmọ tí kò bá mọ kọ̀ǹpútà tẹ̀, bó ti wù kó mọ̀wé tó, ẹ̀rù á máa bà á lọ́jọ́ ìdánwò. Ìdí nìyí tí ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí, ẹgbẹ́ òbí àti àwọn onílé-ẹ̀kọ́ Mùsùlùmí ní Ọ̀ṣogbo àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà fi ní láti ronú nípa yàrá kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọ yóò ti máa fi ìdánwò kọ́ra. Owó ìjọ ni owó ọ̀hún, àmáànà sì ni. Ibi tí wàhálà ti ń wọlé ni ìgbà tí oníṣòwò bá sọ pé, “Ẹ ra èyí, processor server ló wà nínú rẹ̀, ó yára ju gbogbo ìyókù lọ.” Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀.

Processor ni ẹ̀yà tó ń ṣe ìṣirò nínú kọ̀ǹpútà. Ohunkóhun tí a bá tẹ̀, òun ló ń ṣiṣẹ́ lé e lórí. Intel àti AMD ni orúkọ tí a máa ń rí jù, àwọn méjèèjì ló sì ń ṣe oríṣi méjèèjì. Intel ń pe ti orí tábìlì ní Core, bíi i3, i5, i7 àti i9. Ti server ló ń pè ní Xeon láti ọdún 1998. AMD ń pe tirẹ̀ ní Ryzen fún orí tábìlì àti EPYC fún server. Ọdún 2017 ni méjèèjì jáde.

Iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe wọ́n ló yàtọ̀. Ẹ ronú ọjọ́ wòlímọ̀. Ìyá kan tó mọ ọbẹ̀ sè lè tètè parí ìkòkò kan. Ṣùgbọ́n bí ọ̀ọ́dúnrún àlejò bá ń bọ̀, alásè púpọ̀ la nílò, kódà bí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn kò bá yára tó ìyá yẹn. Àwọn alásè inú processor ni wọ́n ń pè ní core. Core i9-14900K, tí í ṣe ti orí tábìlì, ní core 24, ìyára rẹ̀ sì lè dé 6 GHz. EPYC 9654, tí í ṣe ti server, ní core 96, ṣùgbọ́n kò lè kọjá 3.7 GHz. Ẹni tó ń dá tẹ lẹ́tà lórí kọ̀ǹpútà kan kò ní rí ohun tí core 96 fẹ́ ṣe fún un.

Àwọn yẹn ga ju àpò ọ̀pọ̀ wa lọ. Tòkunbọ̀ la ń rà. Ẹ jẹ́ ká mú méjì nínú wọn: Core i5-6500 tó jáde ní 2015, àti Xeon E5-2680 v4 tó jáde ní 2016. Core 4 ló wà nínú i5 náà, ìyára rẹ̀ ń dé 3.6 GHz, RAM tó lè gbà kò ju 64 GB lọ, iná 65 wáàtì ni wọ́n kọ fún un. Xeon yẹn ní core 14, ìyára rẹ̀ ń dé 3.3 GHz, a lè fi méjì rẹ̀ sínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo, RAM tó lè gbà ju 1,000 GB lọ, iná 120 wáàtì sì ni wọ́n kọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ẹyọ kan, i5 tí a fojú kéré yẹn ló yára jù.

Ohun kan wà tí Xeon ní tí i5 yẹn kò ní, òun la sì kà sí pàtàkì jù. Nínú RAM, àmì kan ṣoṣo lè yí padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Xeon máa ń lo RAM tí wọ́n ń pè ní ECC, tó lè rí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kó sì tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà tí a fi ń wo fídíò wáàsí, ẹ lè má tilẹ̀ mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀. Lórí ẹ̀rọ tí máàkì àwọn ọmọ wà, àmì kan péré tó yí padà lè sọ 61 di 29. Ìdí nìyí tí fífi orúkọ sílẹ̀ àti èsì ìdánwò ní àwọn yunifásítì bíi UNIOSUN, University of Ilesa, tàbí Fountain University tí NASFAT dá sílẹ̀ ní Ọ̀ṣogbo fi jẹ́ iṣẹ́ server: kò gbọdọ̀ sinmi, kò sì gbọdọ̀ ṣì í kà. Bákan náà ni ibùdó ìdánwò JAMB, tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí 250.

Ilé-ẹ̀kọ́ tó fẹ́ kí ọmọ ọgbọ̀n tàbí ogójì máa fi ìdánwò kọ́ra kò sí ní ipò yẹn. Iṣẹ́ ẹ̀rọ tó wà láàárín kò ju pé kó fi ìbéèrè ránṣẹ́, kó sì gba ìdáhùn padà, ọ̀rọ̀ kíkọ sì kéré púpọ̀ láti gbé. i5 tó ní RAM 16 GB àti SSD tó dára á ṣe é. Èrò tiwa ni pé kí wọ́n ra irú rẹ̀ méjì, kí ọ̀kan máa dúró de èkejì, dípò server kan ṣoṣo tí gbogbo nǹkan yóò dúró bó bá bàjẹ́.

Ẹ tún ro ti iná. Láti oṣù kẹrin 2024, owó iná àwọn tó wà ní Band A ti ju 200 náírà lọ fún wákàtí kan tí a bá fi lo 1,000 wáàtì. Ká ní server kan ń jẹ 200 wáàtì tọ̀sán-tòru, ní ọgbọ̀n ọjọ́ owó rẹ̀ á tó 28,800 náírà. Ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ń jẹ 50 wáàtì fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ á jẹ́ nǹkan bíi 2,400. A ò tíì ka epo jẹnẹrétọ̀ mọ́ ọn. Àwọn Òṣómàáló ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ò ní gbójú fo irú ìyàtọ̀ yìí.

Ẹ má sì rò pé processor olówó ńlá ló ń dáàbò bo máàkì ọmọ. Ní oṣù karùn-ún 2025, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, ọ̀gá àgbà JAMB, fi omijé sọ ní gbangba pé àṣìṣe wọ ìdánwò ní ibùdó 157, ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò. Àwọn ọmọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 380,000 ni wọ́n ní kó wá tún un ṣe. Server wọn kò kú o. Àtúnṣe tó yẹ kí wọ́n fi sórí àwọn server kan ni wọn kò fi síbẹ̀.

Ní ti ọjà, àwọn kan ń fi Xeon àtijọ́ sínú àpótí kọ̀ǹpútà orí tábìlì, wọ́n á sì tà á fún òbí bíi pé tuntun ni. Ìsìláàmù kọ̀ kí olùtajà fi àbùkù ọjà rẹ̀ pamọ́, ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń rà á náà la ojú. E5-2680 v4 kò lè gbé àwòrán jáde fúnra rẹ̀, ó nílò káàdì àwòrán. I5-6500 kò nílò rẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì kò bá ara wọn mu lórí motherboard, nítorí náà a kò lè yọ ọ̀kan kí a fi èkejì rọ́pò.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà. Bó bá jẹ́ Windows ló wà lórí rẹ̀, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ lọ síbi tí wọ́n kọ Performance sí, lẹ́yìn náà CPU. Orúkọ processor náà gan-an wà lókè ní ọwọ́ ọ̀tún, iye core rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ yẹn sórí rìsíìtì bó ṣe wà lójú kọ̀ǹpútà.